Ṣé Iga Swiatek lo oògùn èèwọ̀ àbí kò lò ó? Àlàyé lórí ìdádúró oṣù kan tí awuyewuye rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀

Láti ìgbà tí Iga Swiatek ti gba ife ẹ̀yẹ Wimbledon lọ́dún 2025 ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó fẹ́ràn tẹníìsì ní Àkúrẹ́, ì báà ṣe nílé oúnjẹ ní Alágbàkà níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, ì báà ṣe lẹ́bàá pápá níbi táwọn ọmọdé ti ń fi rákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Wọ́n á ní, "Ṣebí obìnrin tí wọ́n ká oògùn mọ́ lára nìyí? Báwo ló ṣe tún ń gba ife?" Àwọn kan ní ó lo oògùn, wọ́n kàn fojú fò ó ni. Àwọn kan ní kò jẹ̀bi ohunkóhun. Àwọn mìíràn ní owó ló sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá ohun tó wà nínú ìdájọ́ náà mu tán, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú u wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ta ni Iga Swiatek?

Ọmọ orílẹ̀-èdè Poland ni, wọ́n bí i nílùú Warsaw lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2001. Eléré ìdárayá ni bàbá rẹ̀, Tomasz, òun náà wa ọkọ̀ ojú omi fún Poland níbi ìdíje Olympics ọdún 1988 ní Seoul. Iga gba Wimbledon ti àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2018. Nígbà tó wọ French Open ọdún 2020, ipò 54 lágbàáyé ló wà, ọmọ ọdún 19 sì ni. Ó gba ife náà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ Poland kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba Grand Slam ẹlẹ́nìkan, ìyẹn ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹníìsì, rí ṣáájú rẹ̀.

Orí amọ̀ pupa ti Paris ni agbára rẹ̀ ti máa ń hàn jù. Bó bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, á yí bíi òòyì, á balẹ̀ nítòsí ìlà ẹ̀yìn, á sì ta sókè dé èjìká ẹni tó ń dúró dè é. Ẹni náà yóò sún sẹ́yìn títí tí kò fi ní rí àyè gbá tirẹ̀ padà dáadáa mọ́. Bó ṣe gba French Open mẹ́ta sí i nìyẹn, ní 2022, 2023 àti 2024. Ó gba US Open ní 2022. Lóṣù kẹrin ọdún 2022 kan náà, lẹ́yìn tí Ashleigh Barty fẹ̀yìn tì, ó bọ́ sí ipò kìíní lágbàáyé, ó sì borí nínú eré 37 léraléra lọ́dún náà kí ẹnì kan tó dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ 125 ló ti lò nípò kìíní lápapọ̀.

Ẹni tó wà lórí àga ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2024, kí ìdíje Cincinnati tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ Swiatek fún àyẹ̀wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Paris dé ni, níbi tó ti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní Olympics. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: wọ́n rí trimetazidine nínú ìtọ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná. Ó pẹ̀jọ́, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìdádúró yẹn lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá, nígbà tí ẹ̀rí ti wà nípa ibi tí oògùn náà ti wá. Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ni ITIA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ìwà òdodo nínú tẹníìsì, tó kéde ìdájọ́: ìdádúró oṣù kan. Ó ti lo ọjọ́ 22 nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 8 péré ló kù, ó sì parí lọ́jọ́ 4 oṣù kejìlá, nígbà tí kò sí ìdíje ńlá kankan lórí pápá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ìtọ̀ náà?

Ó yẹ kéèyàn mọ èyí, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹnì kan lè pààrọ̀ ìtọ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò á fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, láti ìgbà náà lọ kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára eléré. Eléré fúnra rẹ̀ ló máa mú ife tí wọ́n lẹ̀ pa láàárín ọ̀pọ̀. Obìnrin ló ń tẹ̀ lé obìnrin wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bí ìtọ̀ ṣe ń jáde. Ó kéré tán, ìtọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó mílílítà 90. Bí kò bá tó, wọ́n á lẹ èyí tó wà nílẹ̀ pa, eléré á tún mu omi, á sì jókòó dúró. Bó bá mu omi jù, ìtọ̀ náà á ṣàn jù, wọn kò ní gbà á, á tún tọ̀ òmíràn.

Eléré yìí kan náà ló máa da ìtọ̀ náà sínú ìgò méjì tí nọ́ńbà kan náà wà lára wọn: mílílítà 30 sínú ìgò B, ìyókù sínú ìgò A. Ìdérí ìgò yìí, tí wọ́n bá ti yí i pa, kò ṣeé ṣí láìjẹ́ pé wọ́n fọ́ ọ ní yàrá àyẹ̀wò. Ìgò A ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ìgò B á wà nínú yìnyín, kí ó lè jẹ́rìí bí eléré bá ní òun kò gbà. Kó tó kúrò níbẹ̀, á kọ gbogbo oògùn àti àfikún oúnjẹ tó lò láàárín ọjọ́ méje sínú fọ́ọ̀mù, á sì buwọ́ lù ú.

Kí ni trimetazidine?

Oògùn ọkàn ni. Àwọn tí àyà máa ń dùn torí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn wọn dáadáa ni wọ́n ń fún ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọkàn yí padà kúrò lórí ọ̀rá, kó máa lo ṣúgà ara fún agbára. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ṣúgà ń gbà kí ó tó di agbára kéré sí ti ọ̀rá. Ìbẹ̀rù WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá lágbàáyé, ni pé eléré tó lò ó lè pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ó wà lára oògùn tó jẹ́ èèwọ̀ nígbà gbogbo, bí ìdíje wà bí kò sí. Òun náà ni wọ́n bá lára Kamila Valieva, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń yọ̀ lórí yìnyín, tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ jáde lásìkò Olympics ọdún 2022.

Swiatek kò lo oògùn ọkàn. Melatonin ló ń lò, ìyẹn hóró oògùn tó ń ran oorun lọ́wọ́ fún ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì tí òru àti ọ̀sán ti dà pọ̀ mọ́ ọn lójú. Melatonin kì í ṣe èèwọ̀. Poland ni wọ́n ti ṣe èyí tó lò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á, oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí tí èèyàn lè rà láìsí ìwé dókítà sì ni níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ITIA fọ̀rọ̀ wá òun àtàwọn tó yí i ká lẹ́nu wò, tí yàrá àyẹ̀wò méjì tí WADA fọwọ́ sí náà sì ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n gbà pé inú hóró melatonin yẹn ni trimetazidine ti wọ ara rẹ̀.

Báwo ni oògùn kan ṣe ń wọ inú òmíràn? Ilé iṣẹ́ kan lè fi ẹ̀rọ kan náà po oògùn méjì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọn kò bá fọ ẹ̀rọ tó ń po lẹ́búlẹ́bú àti èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ ní hóró dáadáa, eruku ti àná á bá ti òní lọ. Ó jọ ọlọ tí wọ́n fi lọ ata tí wọn kò ṣàn kí wọ́n tó lọ ẹ̀gúsí. Aláìsàn lásán kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò á mọ̀ ọ́n.

Báwo ni ohun tí wọ́n rí ṣe pọ̀ tó?

Píkógíráàmù 50 nínú mílílítà ìtọ̀ kan. Nọ́ńbà yìí kò lè yé ẹnikẹ́ni bí a bá kọ ọ́ báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ẹ wo ọkọ̀ tánkà tó ń já omi fáwọn èèyàn ní Àkúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó ń gbé lítà 10,000. Ẹ kó irú tánkà bẹ́ẹ̀ 10,000 jọ, kí gbogbo wọn kún dẹ́nu. Ẹ wá bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan, bíi gíráàmù 5, kí ẹ pín in ká gbogbo wọn. Bí iyọ̀ náà ṣe máa rí nínú omi yẹn ni trimetazidine ṣe rí nínú ìtọ̀ Swiatek.

Kékeré yìí ló ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó lo oògùn gidi lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú lè ní ìwọ̀nba kékeré kan náà nínú ìtọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń tán lára. Ìdí nìyẹn tí ibi tó ti wá fi ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré tó.

Bó bá jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀, kí ló dé tí wọ́n tún dá a dúró?

Kókó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò nìyí. Nínú òfin WADA, ẹni tó ni ara ló ni ohun tó bá wà nínú rẹ̀. WADA kò nílò láti fi hàn pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀. Bí oògùn bá ti wà nínú ìtọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀. Ohun tó kù tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bí ẹ̀bi ẹni náà ṣe tó.

Fún irú oògùn bíi trimetazidine, ọdún mẹ́rin ni ìjìyà bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Bí eléré bá fi hàn pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀, ó já sí ọdún méjì. Bó bá tún fi hàn pé inú ohun tó ní èérí ló ti wá, tí ẹ̀bi rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ìgbìmọ̀ lè fún un ní ohunkóhun láti orí ìkìlọ̀ lásán títí dé ọdún méjì. Bó bá wá fi hàn pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn òun rárá, kò ní lo ọjọ́ kan nílé.

Wọn kò gbà pé Swiatek kò ní ẹ̀bi rárá, torí eléré ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ gbogbo ohun tó ń gbé sẹ́nu. Ṣùgbọ́n torí pé oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí ni, tí kì í ṣe àfikún oúnjẹ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún eléré nípa rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n fi ẹ̀bi rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Oṣù kan ló bọ́ sí. WADA ní ẹ̀tọ́ láti pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lóṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti agbẹjọ́rò rẹ̀ yẹ fáìlì náà wò, ó ní òun kò ní pẹ̀jọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́?

Ibi yìí ló bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú jù. Swiatek yọwọ́ nínú ìdíje Seoul, wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́. Ó yọwọ́ ní Beijing, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ó yọwọ́ ní Wuhan. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò mọ̀ pé ìdádúró ló wà nílẹ̀.

Òfin tẹníìsì sọ pé bí eléré bá pẹ̀jọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá láti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìdádúró ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì jàre, wọn kò ní kéde orúkọ rẹ̀ títí tí gbogbo ẹjọ́ fi máa parí. Ẹni tí kò bá pẹ̀jọ́ tàbí tí kò jàre, wọ́n á kéde rẹ̀. Òfin yìí ti wà kí ọ̀rọ̀ Swiatek tó dé.

Kí ni àwọn tó ń bínú ń sọ? Kí ni àwọn tó ń gbè é ń sọ?

Orúkọ tó kọ́kọ́ ń jáde ni ti Simona Halep, ọmọ Romania tó ti gba French Open àti Wimbledon. Wọ́n bá roxadustat, oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára, nínú ara rẹ̀ níbi US Open ọdún 2022. Lóṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ti ní kó gbélé. Ó tó oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kí ìdájọ́ tó jáde, ọdún mẹ́rin sì ni wọ́n dá fún un. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni CAS, kóòtù tó ń yanjú aáwọ̀ eré ìdárayá, dín in kù sí oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tó ti lo bí ọdún kan àtààbọ̀ nílé. Kò tún rí ẹsẹ̀ fi lélẹ̀ mọ́, ó sì fẹ̀yìn tì lóṣù kejì ọdún 2025. Halep fúnra rẹ̀ béèrè ní gbangba ìdí tí wọ́n fi ṣe ti Swiatek kíákíá tí wọ́n sì fi tirẹ̀ falẹ̀.

Ẹnì kejì ni Jannik Sinner, tó wà nípò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin nígbà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá clostebol, oògùn èèwọ̀ tó ń mú iṣan ara lágbára, lára rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2024. Ó ní láti ọwọ́ ẹni tó ń fọwọ́ ra òun lára ló ti wá. Ìgbìmọ̀ gbà pé kò ní ẹ̀bi, WADA kò gbà, wọ́n wá fẹnu kò lóṣù kejì ọdún 2025 lórí ìdádúró oṣù mẹ́ta.

Àwọn tó ń bínú ní ẹni tó bá lówó ló máa ń rí agbẹjọ́rò, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti yàrá àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó wà nípò 300 kò lè rí wọn sanwó fún, ọdún á sì máa lọ lórí rẹ̀. Èsì ITIA ni pé ẹjọ́ méjì kì í rí bákan náà: oògùn ilé ìwòsàn ni ti Swiatek, àfikún oúnjẹ ni ti Halep, bí èèyàn ṣe tètè rí ibi tí nǹkan ti wá ló sì ń pinnu bí ẹjọ́ ṣe ń yá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Òfin kan ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀rí tó wà lọ́rùn eléré wúwo, àwọn èjìká tó ń rù ú kò sì dọ́gba.

Kí ló pàdánù?

Owó tó gbà ní Cincinnati, dọ́là 158,944, wọ́n gbà á padà. Beijing tí kò lè lọ yẹn, òun ló gba ife rẹ̀ lọ́dún 2023, àmì 1,000 nínú àwọn àmì tí wọ́n fi ń to eléré sí ipò ló sì fò lọ lọ́wọ́ rẹ̀ torí kò sí níbẹ̀ láti dáàbò bò ó. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Aryna Sabalenka gba ipò kìíní. Láàárín àsìkò yẹn náà ni òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Tomasz Wiktorowski, pínyà, tó sì mú Wim Fissette.

Odindi ọdún kan ló fi jẹ́ pé kò dé àṣekágbá ìdíje ẹlẹ́nìkan kankan, títí dé orí amọ̀ Paris tó jẹ́ ilé rẹ̀. Orí koríko Wimbledon, tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ṣe dáadáa lórí rẹ̀ lẹ́yìn ife àwọn ọ̀dọ́ tọdún 2018, ló ti wá dìde. Lọ́jọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, ó na Amanda Anisimova 6-0, 6-0 ní ìṣẹ́jú 57. Láti 1911, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí ní àṣekágbá àwọn obìnrin ní Wimbledon. Grand Slam kẹfà rẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí ohun tí òfin fi lè dí i lọ́wọ́, torí oṣù méje ti kọjá tí ìdádúró rẹ̀ ti parí.

Ṣé irú rẹ̀ ti kan ọmọ Yorùbá rí?

Ẹ̀ka mìíràn nínú òfin kan náà ló kan Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sáré fo igi ìdènà. Wọn kò bá oògùn kankan lára rẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ lọ́dún 2023 ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12 ni àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò kò rí i níbi tó ní òun máa wà. Eléré ńlá gbọ́dọ̀ kọ wákàtí kan sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti ibi tó máa wà ní wákàtí náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bá pàdánù rẹ̀, ó lè di ìdádúró ọdún méjì. Ìgbìmọ̀ dá Amusan láre lóṣù kẹjọ ọdún náà, CAS sì fìdí ìdáláre yẹn múlẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2024.

Báwo ni èyí ṣe kan eléré ìdárayá ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó?

Ọmọ tó ń gbá tẹníìsì tàbí tó ń sáré ní Àkúrẹ́ tí wọ́n bá mú lọ sí National Sports Festival tàbí tó bá ṣojú Nàìjíríà ti wọ abẹ́ òfin yìí. Ibi tí ewu ti sún mọ́ ọn jù kì í ṣe melatonin.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kẹ́míìsì Arákalẹ̀ tàbí nítòsí Ọjà Ọba. Ọmọ á dé láti pápá, á ní ara ń ro òun, á ní kí wọ́n bá òun po oògùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ á gé hóró méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, á dà wọ́n sínú ọ̀rá funfun kékeré. Prednisolone tàbí dexamethasone lè wà nínú rẹ̀, èèwọ̀ sì ni méjèèjì lọ́jọ́ ìdíje bí èèyàn bá gbé wọn mì. Tramadol náà ti di èèwọ̀ lọ́jọ́ ìdíje láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024. Oògùn ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tí ephedrine wà nínú rẹ̀ lè mú kí ti inú ìtọ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà láàyè lọ́jọ́ ìdíje. Lasix, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀, tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè fúyẹ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ nígbà gbogbo. Agbo inú ìgò tí kò ní orúkọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, títí kan ẹni tó rà á wá tà.

Nọ́ńbà NAFDAC fi hàn pé àjọ náà forúkọ oògùn yẹn sílẹ̀ fún títà. Kò sọ pé eléré lè lò ó. Ìwé orúkọ oògùn èèwọ̀ ti WADA ni kéèyàn yẹ̀ wò, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe, ọjọ́ 1 oṣù kìíní ni tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí dókítà bá ní kó lo oògùn tó wà nínú ìwé yẹn lè béèrè fún ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní TUE lọ́wọ́ NADC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ 30 ó kéré tán kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó tún wà lọ́wọ́ èèyàn láti ṣe kò gba owó púpọ̀. Kí ó ra oògùn ní odindi páálí. Kí ó ya fọ́tò páálí náà kí nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é hàn. Kí ó tọ́jú rìsíìtì. Kí ó má lo hóró tó gbẹ̀yìn, kí ó fi sílẹ̀ sínú káàdì rẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìdíje, torí hóró tó ṣẹ́ kù ni yàrá àyẹ̀wò lè yẹ̀ wò bí lẹ́tà bá dé. Swiatek lè dárúkọ oògùn tó lò, ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ibi tí wọ́n ti rà á, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí ohun gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tí oògùn tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá funfun tí kò ní orúkọ, tó ti gbé gbogbo rẹ̀ mì, tó sì ti ju ọ̀rá náà sí gọ́tà, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó máa fi hàn wọ́n.